Bí ẹ ṣe lè tọ́jú ológbò tí ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ ní àbùkù láti inú ìyá rẹ̀

Dókítà ẹranko ti gbọ́ ariwo láyà ọmọ ológbò yín, ó ti ṣe àwòrán, ó ní ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀, tó ń darí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lọ, kì í pa dé dáadáa. Ó fún yín lóògùn. Lọ́jọ́ kẹrin, ológbò ti ń lé aláǹgbá kiri àgbàlá, ẹ bá rò pé ara rẹ̀ ti yá, ẹ fi oògùn sílẹ̀. Kí oṣù tó parí, ẹ bá a lábẹ́ àga lóru, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, gbogbo ilé ìwòsàn ẹranko tó wà nítòsí sì ti tìlẹ̀kùn.

Kò sí oògùn oníhóró tó lè tún ilẹ̀kùn ọkàn ṣe. Ohun tí oògùn ń ṣe ni pé ó ń fa omi kúrò lára, ó ń dín ẹrù ọkàn kù, òmíràn sì ń dènà kí ẹ̀jẹ̀ má dì. Ọjọ́ tí oògùn bá dúró ni omi ń bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Iṣẹ́ méjì ló wá kù sí yín lọ́wọ́: kí oògùn máa wọlé lásìkò, kí ẹ sì máa ka mímí rẹ̀ nígbà tó bá sùn, kí ẹ lè mọ̀ pé omi ń bọ̀ kó tó dé. Iṣẹ́ kejì yìí ni àwọn èèyàn kì í kà sí. Òun gan-an ló sì máa ń gba ológbò là.

Ohun tí ẹ nílò

Ẹ kó ìwọ̀nyí jọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó rí ọ̀pọ̀ rà lọ́jà Ṣábọ̀ ní Ìkòròdú tàbí ní ilé oògùn èyíkéyìí:

- ìwọ̀n ilé ìdáná tó ń ka gíráàmù, tí ọmọ ológbò lè dúró lé;
- fóònù tó ní aago ìṣẹ́jú, àti ìwé ẹkasáìsì kan tí ẹ kò ní fi kọ nǹkan mìíràn;
- ike ìgé oògùn, èyí tó ní bíléèdì nínú (ọ̀bẹ ìdáná kò dára, hóró oògùn á fọ́n ká);
- síríńjì mìlílítà 5 méjì, láìsí abẹ́rẹ́;
- kápúsù òfìfo kéékèèké, èyí tó kéré jù lọ tí ilé oògùn bá ní;
- tówẹ̀lì nínípọn kan;
- àgò tàbí apẹ̀rẹ̀ ìgbé-ológbò tí ẹ lè ṣí láti òkè;
- nọ́ńbà fóònù dókítà ẹranko méjì, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tó ń gbé ìpè lóru;
- owó ọkọ̀ àti owó ìtọ́jú pàjáwìrì tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Kí dókítà náà jẹ́ ẹni tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Veterinary Council of Nigeria. Ẹni tó ń ta oògùn adìyẹ lọ́jà, tó sì mọ abẹ́rẹ́ gún, kì í ṣe dókítà ẹranko, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ yá tó.

Ìpele 1: Ẹ mọ ilẹ̀kùn wo ló bàjẹ́, àti bó ṣe bàjẹ́

Ariwo tí dókítà gbọ́ nìkan kò tó. Àwọn ọmọ ológbò kan ní ariwo ọkàn tí kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan, á sì lọ fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá ti ń súnmọ́ oṣù márùn-ún. Àwọn mìíràn, aràn àti eégbọn ló ti fa ẹ̀jẹ̀ wọn mu; ẹ̀jẹ̀ tí kò tó lè mú kí ọkàn pariwo. Ẹ gbé ètè rẹ̀ sókè: bí èrìgì rẹ̀ bá funfun báláú, kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ilẹ̀kùn ọkàn.

Àyẹ̀wò tó ń sọ òótọ́ ni ẹ́kò, ìyẹn àwòrán ọkàn níbi tó ti ń lù lọ́wọ́. Ẹ́síréè ń fi bí ọkàn ṣe tóbi tó hàn, ó sì ń fi omi inú ẹ̀dọ̀fóró hàn, ṣùgbọ́n kò lè fi ilẹ̀kùn hàn. Bí dókítà yín ní Ìkòròdú kò bá ní ẹ̀rọ yìí, kó kọ ìwé fún yín. Ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn wà, ti yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta náà wà; ojú ọ̀nà Ìkòròdú sí Ṣágámù lẹ ó gbà lọ sí méjèèjì, ẹ kò ní ìdí láti wọ ìgboro Èkó. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó gbéra, kí ẹ béèrè bóyá ẹni tó ń ṣe ẹ́kò ọkàn fún ológbò wà lọ́jọ́ náà.

Ilẹ̀kùn mẹ́rin ló wà nínú ọkàn. Èyí tó bá ń jò ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ padà síbi tó ti ń bọ̀. Bó bá jẹ́ èyí tó wà láàárín yàrá òkè àti yàrá ìsàlẹ̀ lápá òsì, omi á máa wọ ẹ̀dọ̀fóró. Nínú ológbò, ó tún lè kó jọ sí àyíká ẹ̀dọ̀fóró níta. Bó bá jẹ́ tapá ọ̀tún, ikùn lè wú, omi sì lè kún àyà. Irú kejì ni ilẹ̀kùn tó há, tí kò ṣí tó. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì nítorí pé oògùn tó ń fún ọkàn lágbára, pimobendan, lè ṣe ìpalára fún ológbò tí ọ̀nà àbájáde ọkàn rẹ̀ há. Ẹ má yá oògùn lọ́wọ́ ẹni tí ológbò tàbí ajá tirẹ̀ náà ní àrùn ọkàn.

Ẹ lè béèrè iṣẹ́ abẹ. Fún ológbò, iṣẹ́ abẹ tó ń tún ilẹ̀kùn ọkàn ṣe ṣọ̀wọ́n gan-an kárí ayé. Wọ́n lè fi bàlúùnù kékeré fẹ ilẹ̀kùn tó há lójú ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró, ṣùgbọ́n oògùn àti ìṣọ́ra ni ọ̀pọ̀ yóò gbé lé. Bí àbùkù náà bá sì kéré, ológbò lè lo ọdún rẹ̀ láì gbé oògùn kankan mì. Torí náà, bí wọ́n bá fún yín ní oògùn ìfami nígbà tí kò sí omi kankan lára rẹ̀, ẹ béèrè ìdí.

Ibi tí ẹ ti lè ṣìnà: ẹ má dúró de ikọ́. Ajá tí ọkàn ń dà láàmú máa ń húkọ́. Ológbò kì í sábà húkọ́ nítorí ọkàn. Á kàn sá pamọ́, á dín oúnjẹ kù, á sì máa mí kíákíá.

Àyẹ̀wò: kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ lè fi gbólóhùn kan sọ ilẹ̀kùn wo ni, ṣé ó ń jò ni àbí ó há, ṣé yàrá òkè ọkàn ti tóbi, ṣé omi sì ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ kò bá lè sọ ọ́, ẹ padà wọlé.

Ìpele 2: Kíka mímí

Ẹ dúró dìgbà tó bá sùn fọnfọn, tó na ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ tàbí tó ká kò. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí egungun ìhà parí sí: tó bá gòkè tó sì sọ̀ kalẹ̀, ẹ ka oókan. Ẹ kà á fún ìṣẹ́jú àáyá 30, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú ọjọ́, aago, àti bóyá iná wà tàbí kò sí.

Kò yẹ kí mímí ológbò tó ń sùn jẹ́jẹ́ ju 30 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún èyí tó ní àrùn ọkàn, bí oògùn bá ti ká omi rẹ̀ kò. Ẹ kà á lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, àti ní gbogbo ìgbà tí dókítà bá yí oògùn padà. Lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ti tó.

Àṣìṣe tó wà níbí pọ̀ ju ti gbogbo ìpele yòókù lọ. Àwọn kan ń ka mímísínú lọ́tọ̀, wọ́n tún ń ka mímísóde lọ́tọ̀, nọ́ńbà wọn á di ìlọ́po méjì, wọ́n á sáré dé ọ̀dọ̀ dókítà lórí asán. Àwọn mìíràn ń kà á nígbà tí ológbò ń kùn hùn-ùn-hùn-ùn lórí itan wọn. Ológbò tó ń kùn kò tíì sùn, ẹ jẹ́ kó dákẹ́. Bí ẹsẹ̀ àti irun ẹnu rẹ̀ bá ń fò pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́, àlá ló ń lá, ẹ dúró. Ẹni tó kà á fún ìṣẹ́jú àáyá 10 tó wá fi 6 sọ ọ́ di púpọ̀ ti sọ àṣìṣe kékeré di ńlá. Ooru náà ń purọ́: lọ́sàn-án oṣù Kejì tí iná ti lọ láti àárọ̀, tí páànù ilé ti gbóná, mímí ológbò tí ara rẹ̀ le pàápàá lè yára. Ẹ kà á ní ìdájí tàbí lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́, nígbà tí ilé bá ti tutù.

Ohun tí ẹ ó ṣe pẹ̀lú nọ́ńbà náà nìyí. Bó bá ju 30 lọ, ẹ tún un kà lẹ́yìn wákàtí kan. Bó bá ṣì ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà. Bó bá ju 40 lọ, tàbí tí ẹ rí i pé ikùn rẹ̀ ń bá àyà rẹ̀ ṣiṣẹ́ kó tó lè mí, ẹ lọ sí Ìpele 6 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Èmi máa ń fi ọ̀kan kún un: bí nọ́ńbà bá ń gòkè díẹ̀díẹ̀, 18, 21, 24, 27, láàárín ọjọ́ mélòó kan, mi ò ní dúró kó pé 30. Gígòkè yẹn ti sọ ohun tó ń bọ̀.

Àyẹ̀wò: kí ẹni méjì nínú ilé ka ológbò kan náà pọ̀ lákòókò kan náà, láì sọ fún ara wọn. Bí nọ́ńbà wọn bá fi ju mẹ́ta lọ yàtọ̀, ọ̀kan nínú wọn kò tíì mọ̀ ọ́n kà. Ẹ ya fídíò ìṣẹ́jú kan ránṣẹ́ sí dókítà lórí WhatsApp, kó bá yín kà á.

Ìpele 3: Wíwọn oògùn

Ọ̀pọ̀ oògùn tí ẹ ó lò, ti èèyàn ni, wọ́n sì ṣe é fún ẹni tó wúwo ju ológbò lọ ní ogún ìgbà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ yìí wà fún kí ẹ fi ṣàyẹ̀wò ohun tí dókítà kọ, kí ẹ má fi wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn fúnra yín.

Furosemide ni oògùn ìfami. Mílígíráàmù 1 sí 2 fún kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ni wọ́n sábà máa ń kọ fún ológbò láti ẹnu, dókítà á sì gbé e sókè tàbí sílẹ̀ bí mímí bá ṣe rí. Ológbò kìlógíráàmù 3 yóò wá gba mílígíráàmù 3 sí 6 lẹ́ẹ̀kan. Hóró tí ilé oògùn ń tà jẹ́ mílígíráàmù 40. Ìdá mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 10, ìyẹn sì ti pọ̀ jù. Ìdá mẹ́jọ jẹ́ 5, ṣùgbọ́n ẹ̀yà kékeré bẹ́ẹ̀ kì í dọ́gba, ọ̀kan á tóbi, ìkejì á di ìyẹ̀fun. Ẹ béèrè èyí tó jẹ́ olómi. Bí kò bá sí, kí dókítà tàbí apòògùn bá yín wọ̀n ọ́n sínú kápúsù.

Clopidogrel wà fún ológbò tí yàrá òkè ọkàn rẹ̀ ti tóbi, nítorí ẹ̀jẹ̀ máa ń dì níbẹ̀. Hóró ti èèyàn jẹ́ mílígíráàmù 75. Ìdá mẹ́rin, 18.75, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ ni ti ológbò. Èyí rọrùn gé. Ìkorò rẹ̀ ni wàhálà, a ó dé ibẹ̀.

Benazepril tàbí enalapril, tó ń dín ẹrù ọkàn kù, lè tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá fún yín ní atenolol, tó ń dín bí ọkàn ṣe ń yára lù kù, nítorí ilẹ̀kùn tó há, ẹ má dá a dúró lójijì láé. Dókítà ló gbọ́dọ̀ dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ibi tí ẹ ti lè ṣìnà: ẹni tó wà ní káńtà ilé oògùn lè sọ pé furosemide ti tán, kó wá fún yín ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn pé “iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe”. Ẹ má gbà á. Oògùn oníṣẹ́ méjì nínú hóró kan kò ṣeé gé fún ológbò. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí oògùn yóò bàjẹ́. Ẹ tún ìwọ̀n ológbò wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bó bá ṣì ń dàgbà, torí oògùn ọmọ oṣù mẹ́rin kò ní tó ọmọ oṣù mẹ́jọ. Bó bá sì wúwo sí i lójijì láàárín ọjọ́ díẹ̀, tí ikùn rẹ̀ ń yọ, omi ni ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Àyẹ̀wò: ní alẹ́ Sunday, ẹ gé ti ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀, ẹ pín in sínú ọ̀rá kéékèèké, ẹ kọ ọjọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá di Sunday tó tẹ̀ lé e tí ọ̀rá kan ṣẹ́ kù, ẹ ti gbàgbé ìgbà kan. Ìtọ̀ ni ẹ ó fi mọ̀ pé furosemide ń ṣiṣẹ́: láàárín wákàtí kan sí méjì lẹ́yìn tó gbé e mì, á lọ sórí iyanrìn rẹ̀, ibi tó rin á sì fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìpele 4: Bí oògùn yóò ṣe wọ ọ̀fun

Ẹ yan wákàtí tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Máìlì 12 kò lè bà jẹ́. Ẹni tó ń jáde nílé láago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, tó sì ń wọlé láago mẹ́sàn-án alẹ́, kò lè fún ológbò lóògùn láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ẹ kọ́ ẹni kejì nínú ilé: ìyá àgbà, ọmọ tó ti tó ọdún mẹ́rìnlá, tàbí aládùúgbò tí ológbò mọ̀. Ẹ sọ wákàtí yín fún dókítà, kó bá yín tò ó.

Ọ̀nà tó rọrùn ni oúnjẹ. Ẹ ṣe ẹran tàbí ẹja sísè ní ìṣù kékeré mẹ́ta. Ẹ fún un ní òfìfo, ẹ fún un ní èyí tó ní oògùn, ẹ sì ti jẹ́ kó máa wo ẹ̀kẹta lọ́wọ́ yín kó lè tètè gbé ti àárín mì. Ẹ má po oògùn mọ́ odindi oúnjẹ inú abọ́. Bó bá jẹ ìdajì, ẹ kò ní mọ iye tó wọlé.

Bó bá kọ̀, ẹ lo ọwọ́:

1. Ẹ wé e sínú tówẹ̀lì bí wọ́n ṣe ń wé mọ́ínmọ́ín sínú ewé, kí orí nìkan yọ. Ẹ gbé e sórí tábìlì, kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí àyà yín.

2. Ẹ gbé ọwọ́ òsì lé orí rẹ̀ láti òkè, kí àtàǹpàkò wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, kí ìka àárín wà ní ìkejì. Ẹ gbé imú rẹ̀ sókè. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ á rọ̀ fúnra rẹ̀.

3. Ẹ fi ìka ọwọ́ ọ̀tún fa àgbọ̀n náà sílẹ̀ díẹ̀, ẹ ju oògùn sí ẹ̀yìn ahọ́n, sí àárín gbùngbùn. Bó bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, á tu ú.

4. Ẹ pa ẹnu rẹ̀ dé, ẹ jẹ́ kí orí rẹ̀ padà sílẹ̀ bó ṣe yẹ, ẹ wá fi síríńjì kán omi mìlílítà 2 sí 5 sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kó máa gbé e mì.

Omi yẹn kì í ṣe àṣerégèé. Oògùn tí wọ́n fi sọ́fun ológbò láìsí omi lè lẹ̀ mọ́ ọ̀nà ọ̀fun, kó sì bó o. Ṣùgbọ́n ẹ kò gbọdọ̀ gbé orí rẹ̀ sókè kí ẹ sì da omi lọ tààrà. Ẹ̀dọ̀fóró ni ìyẹn ń lọ, ẹ̀dọ̀fóró tí a ń fi owó gbẹ omi rẹ̀.

Bí clopidogrel bá kan ahọ́n rẹ̀, ìfófòó á máa yọ lẹ́nu rẹ̀, á sá, kò sì ní jẹ́ kí ẹ mú un mọ́ lọ́la. Inú kápúsù òfìfo ni kó máa wà, kí ẹ sì fi bọ́tà díẹ̀ pa ara kápúsù náà kó lè yọ̀.

Bí ẹ bá gbàgbé ìgbà kan, ẹ fún un nígbà tí ẹ bá rántí, àyàfi bí àkókò èyí tó kàn bá ti súnmọ́. Ẹ má fún un ní méjì pọ̀. Bó bá bì í, ẹ pe dókítà kí ẹ tó tún un fún un. Ológbò tó bá sì ń mí hẹlẹhẹlẹ lọ́wọ́, ẹ má gbìyànjú àtifún un ní ohunkóhun lẹ́nu. Ìjàkadì yẹn nìkan lè pa á.

Àyẹ̀wò: bó bá ti lá imú rẹ̀, ó ti gbé e mì. Ẹ ṣí ẹnu rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ sì ṣọ́ ilẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Àwọn ológbò kan mọ bí a ṣe ń fi oògùn pamọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ìpele 5: Oúnjẹ, omi àti ilé

Omi mímu gbọ́dọ̀ wà ní gbogbo ìgbà, ní ibi tó ju ẹyọ kan lọ. Àwọn kan rò pé bí omi bá ti wà ní ẹ̀dọ̀fóró, kí ológbò má mu omi mọ́. Bí ẹ bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ń lo furosemide, kíndìnrín ló máa san gbèsè náà.

Iyọ̀ ni ẹ ó dín kù. Kò sí ìṣòro nínú ẹja tí a sè láìsí iyọ̀. Ìṣòro wà nínú omi ọbẹ̀, Maggi, sàdíìnì inú agolo àti ẹja oníyọ̀. Ọbẹ̀ àjẹkù tún ní àlùbọ́sà, àlùbọ́sà sì ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́. Ẹ̀bà tàbí ẹ̀kọ pẹ̀lú omi ẹja kì í ṣe oúnjẹ ológbò rárá. Ara ẹran àti ẹja ni ológbò ti ń rí taurine, èyí tí àìsí rẹ̀ máa ń mú kí iṣan ọkàn rọ. Oúnjẹ ajá kò ní èyí tó tó o. Bí ẹ bá ń sè ẹran fún un, ẹ fún un ní omi rẹ̀ pẹ̀lú, torí taurine máa ń yọ́ sínú omi. Taurine kò ní tún ilẹ̀kùn tó bàjẹ́ láti inú ìyá ṣe, ṣùgbọ́n ẹ má fi àrùn kejì kún ti àkọ́kọ́.

Bí kò bá jẹun fún ọjọ́ kan gbáko, ẹ pe dókítà. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé yàrá tó ń sùn. Ẹ má fi oògùn eégbọn ti ajá pa á lára: permethrin inú rẹ̀ ń pa ológbò. Paracetamol náà ń pa á, bó ti wù kó kéré tó, tòun ti ibà tí ẹ rò pé ó ní.

Àyẹ̀wò: ẹ rọra fi ìka méjì gbé awọ èjìká rẹ̀ sókè, ẹ fi í sílẹ̀. Kó padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bó bá ń lọ́ra padà, tí èrìgì rẹ̀ sì gbẹ, omi ara rẹ̀ ti dín kù jù. Ẹ pe dókítà kó tún oògùn ìfami wọ̀n.

Ìpele 6: Nígbà tó bá di pàjáwìrì

Àmì mẹ́ta ni kò gba “ẹ jẹ́ ká dúró di àárọ̀”:

- ó ya ẹnu sílẹ̀ láti mí, tàbí ahọ́n rẹ̀ ti ń dúdú;
- mímí rẹ̀ ju 40 lọ lójú oorun, tàbí kò lè dùbúlẹ̀ rárá;
- ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ rọ lójijì, ó tutù, ó sì ń ké.

Ẹ̀kẹta yìí ni àwọn èèyàn máa ń pè ní àfọ̀ṣẹ tàbí pé ẹnì kan gbá a. Ẹ̀jẹ̀ tó dì ló dí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé ẹsẹ̀. Ẹ má fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi òróró wọ́ ọ, ẹ má fún un ní aspirin. Ìrora rẹ̀ pọ̀, dókítà ló ní oògùn tó lè rọ̀ ọ́.

Ẹ gbé e sínú àgò láti òkè, ẹ bò ó díẹ̀, ẹ fi atẹ́gùn sílẹ̀. Ẹ má gbé e mọ́ra, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọdé yí i ká. Ẹ pe ilé ìwòsàn ní ojú ọ̀nà kí wọ́n ti tan ọ́síjìn sílẹ̀. Ìdájọ́ tèmi ni pé kí ẹ má ṣe gbé ológbò tí kò lè mí kọjá Máìlì 12 lọ wá ilé ìwòsàn tó lórúkọ. Dókítà tó súnmọ́ yín jù lọ ní Ìkòròdú, tó ní ọ́síjìn àti abẹ́rẹ́ furosemide, tó sì mọ bí a ṣe ń fi abẹ́rẹ́ fa omi àyà jáde, ni kó kọ́kọ́ rí i. Bó bá ti ń mí, ẹ lè wá lọ sí ibi tó bá wù yín.

Gbólóhùn kan tí ẹ gbọ́dọ̀ sọ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án: “Ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ ló bàjẹ́, ẹ má tíì fún un ní dírípù.” Wọ́n máa ń fa dírípù fún ẹranko tó bá ti rẹ̀, fún èyí, omi yẹn lè parí iṣẹ́ tí àrùn bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ìdì tó ń pẹ́ lára náà lè mú kí omi kún ara ológbò tó ní àrùn ọkàn, kódà bó bá jẹ́ ìyún ara ni wọ́n ń tọ́jú. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí sára ike, ẹ so ó mọ́ àgò rẹ̀.

Àyẹ̀wò: kí wọ́n tó ní kí ẹ máa gbé e lọ ilé, ẹ ka mímí rẹ̀ níbẹ̀. Bí kò bá tíì sún mọ́ nọ́ńbà tó wà nínú ìwé yín, ẹ ní kí wọ́n ṣì mú un dání.

Ìpele 7: Pípadà sọ́dọ̀ dókítà

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn tí oògùn ìfami bá bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún kíndìnrín àti èròjà ara tí wọ́n ń pè ní potassium. Kí wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé oògùn sókè. Oògùn ìfami máa ń fa potassium jáde pẹ̀lú ìtọ̀; ológbò tí tirẹ̀ ti tán lè ṣàárẹ̀ débi pé kò ní lè gbé orí sókè. Ẹ gbé ìwé ẹkasáìsì lọ, torí lọ́dọ̀ dókítà ẹ̀rù máa ń ba ológbò, mímí tí wọ́n bá kà níbẹ̀ kì í ṣe òótọ́.

Ẹ má jẹ́ kó gùn tàbí kó lóyún. Àbùkù yìí lè wá láti inú ìran, oyún sì jẹ́ ẹrù ńlá fún ọkàn tó ń jò. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, kí dókítà tó máa fún un ní oògùn oorun kọ́kọ́ rí èsì ẹ́kò rẹ̀, kó sì pinnu bóyá ara rẹ̀ gbà á báyìí.

Bí mímí rẹ̀ bá ń ju 30 lọ bí ó tilẹ̀ ń lo oògùn tó pọ̀ jù tí kíndìnrín rẹ̀ lè gbà, tí kò jẹun mọ́, tí wọ́n sì ń fa omi àyà rẹ̀ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ bi dókítà léèrè tààrà nípa abẹ́rẹ́ tó máa jẹ́ kó sùn lọ láìsí ìrora. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, nígbà tí gbogbo ilé jókòó pọ̀, kó má jẹ́ pé lóru tó ń jà fún èémí ni ẹ óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ẹni tó lè ṣe é.